Ọ̀nà Omi Ni Stuart Tọ̀: Ìrìn Àjò Mi Láti Adelaide Dé Darwin

Fún ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta níbí, kò sì sí ọdún kan tí n kò bi wọ́n ní ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ tèmi náà bi mí nígbà tí mo wà ní kékeré: ta ni ó ṣàwárí Odò Ọya? Ọmọ tí ó bá kọ Mungo Park, mo máa ń sààmì sí i pé ó gbà á. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan tí ìdílé ìyá rẹ̀ jẹ́ Nupe nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú odò yẹn ni àwọn bàbá ìyá mi ti ń pẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣé wọn kò tíì rí i ni?" Mo ní kí ó jókòó, nítorí pé ìdánwò ti sún mọ́lé. Ọmọ náà kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo gbé lọ sí Ọsirélíà nínú oṣù keje ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Adelaide gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì bi mí pé, "Màmá, níbo ni ẹ fẹ́ kí n mú yín lọ?"

Ó rò pé Sydney ni n ó dárúkọ. Mo ní rárá, ọ̀nà tí John McDouall Stuart gbà láti gúúsù lọ dé òkun àríwá ni mo fẹ́ rìn, dé ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ bá lè gbé wa dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ o. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ fi ojú ara mi wò.

Ọmọ Skọ́tílándì ni Stuart. Ìlú Dysart ni wọ́n bí i sí ní 1815, ó dé Gúúsù Ọsirélíà ní 1839, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ó sì ń ṣe jẹun. Láàárín 1858 sí 1862, ìgbà mẹ́fà ni ó di ẹrù lé ẹṣin tí ó forí lé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ìgbà kẹfà ni ó sì tó là á já dé etíkun àríwá tí ó tún padà sílé láàyè. Ohun tí ó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un ni pé nínú ìrìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó lẹ́yìn tí ó kú sọ́nà. Burke àti Wills, tí wọ́n gbéra láti Melbourne ní 1860 pẹ̀lú ràkúnmí àti ẹrù rẹpẹtẹ, ebi ni ó pa wọ́n sí ẹ̀bá Cooper Creek ní 1861. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ lọ sí ìhà òkun, King nìkan ni ó yè, àwọn Yandruwandha tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fún un ní oúnjẹ títí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi wá a rí. Ilẹ̀ kan náà tí ebi ti pa àlejò, ibẹ̀ ni onílẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ dàgbà. Mo ti mọ ìtàn yìí láti inú ìwé kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi hàn mí bí ilẹ̀ náà ti rí.

Ìdájí ni a kúrò ní Adelaide. Ìgbà òtútù wọn ni oṣù keje. Ní òru ó tutù ju ọyẹ́ wa lọ, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ojú ọ̀run a mọ́ kedere, eruku a sì dúró sójú kan lẹ́yìn ọkọ̀ bí èéfín. A di omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, a ra gààrí àti ẹ̀pà ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà kan, èmi sì ti mú àdìrẹ méjì tí mo rà ní Ìtòkú láti ilé, nítorí pé ìyá mi kọ́ mi pé ènìyàn kì í wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Láti Port Augusta ni títì ọlọ́dà ńlá tí wọ́n fi orúkọ Stuart pè ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 2,700 kìlómítà kí ó tó dé Darwin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà, ṣùgbọ́n ní apá gúúsù, kì í ṣe òun. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni títì náà gbà. Ìhà ìlà oòrùn ni Stuart gbà, níbi tí ọ̀nà eléruku tí wọ́n ń pè ní Oodnadatta Track wà lónìí, láti Marree dé Marla, ó lé ní 600 kìlómítà. Bí ènìyàn bá wo máàpù, ọ̀nà náà wọ́ bí ọrun ọdẹ, kò sì sí òkè tàbí odò tí ó ń yà fún. Kí ni ó dé tí kò fi gba tààrà? Omi ni.

Lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, omi kan wà tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo Ọsirélíà. Great Artesian Basin ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè ìlà oòrùn ni ó rì wọ inú òkúta oníyanrìn, tí ó sì ń fà díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Omi mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún kan lábẹ́ ilẹ̀. Amọ̀ àti òkúta líle ni ó bò ó lórí, nítorí náà ó há mọ́bẹ̀, ara rẹ̀ sì ń fẹ́ jáde. Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí bí a bá fi eyín já etí ọ̀rá omi tí wọ́n ń tà ní gáréèjì Kútọ̀, tí a sì fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni omi náà ṣe ń tú jáde níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti sán. Àwọn ìsun wọ̀nyí tò tẹ̀léra lẹ́bàá aṣálẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, láti ọ̀kan sí èkejì sì ni àwọn onílẹ̀, àwọn Arabana àti àwọn aládùúgbò wọn, ti ń rìn kí òyìnbó tó mọ̀ pé ilẹ̀ kan ń jẹ́ Ọsirélíà. Ọ̀nà òwò ni. Amọ̀ pupa láti òkè Flinders, èyí tí wọ́n fi ń kun ara gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi osùn kun ara, máa ń gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn réré.

Nígbà tí Stuart kọ́kọ́ jáde ní 1858, òun àti Forster, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin onílẹ̀ kan ni wọ́n jọ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kejì, ní 1859, ni ó tó mọ̀ pé ìsun kan ní èkejì níwájú. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tí ó kù, láti orí ìsun ni ó ti ń gbéra. N kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ rẹ̀ kù, nítorí pé ẹni tí ó bá rí omi tí ó sì mọ̀ pé omi ni ó yẹ kí òun máa tọ̀, ọlọ́gbọ́n ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀.

Ìsun kan wà lẹ́yìn Marree tí wọ́n ń pè ní Bubbler, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun fún iyọ̀, kò sí igi, kò sí ẹyẹ, títí tí ojú fi lè rí i dé. Lójijì ni òkìtì kékeré kan yọ, bí òkìtì ọ̀gán tí orí rẹ̀ tẹ́, a sì gun pákó tí wọ́n tẹ́ fún ẹsẹ̀ lọ sórí rẹ̀. Adágún kékeré kan ni ó wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, koríko gígùn yí i ká, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yanrìn náà ń mí. Yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò wú díẹ̀díẹ̀ ní àárín, yóò wá bẹ́, omi yóò sì ru gùdù sókè bí àmàlà tí ń hó lórí iná, lẹ́yìn náà yóò tún sùn. Ọmọ mi ka iṣẹ́jú lórí fóònù rẹ̀. Èmi kò kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo kòkòrò kékeré kan tí ó ń rìn lórí omi, mo ń ronú pé ẹja àti ìgbín omi kéékèèké wà nínú àwọn ìsun wọ̀nyí tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé, àti pé ẹnu ẹni tí ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ti yá jù. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Bí ọ̀nà náà ti ń lọ, a rí àwókù ilé òkúta lẹ́bàá àwọn ìsun. Ilé tẹlígíráàfù ni wọ́n. Ní 1870 ni Charles Todd bẹ̀rẹ̀ sí í na wáyà láti gúúsù sí àríwá, ipa ẹsẹ̀ Stuart sì ni ó tọ̀. 36,000 òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 3,200 kìlómítà, wọ́n sì so wáyà pọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1872. Ìròyìn Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó ti ń gba oṣù pípẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi wá di ohun tí ó ń dé láàárín wákàtí. Lẹ́yìn wáyà ni rélùwéè tún tọ ìsun kan náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì onísìtíìmù ń mu omi bí ẹṣin. Ó dé Alice Springs ní 1929, wọ́n sì pa á tì ní 1980 nígbà tí wọ́n ti kọ́ òmíràn sí ìhà ìwọ̀ oòrùn fún ẹ́ńjìnnì tí kì í mu omi. Ẹsẹ̀ onílẹ̀, ẹṣin Stuart, wáyà, rélùwéè: omi kan náà ni gbogbo wọn mu. Dísẹ́ẹ̀lì ni ó jẹ́ kí títì òde òní lè ya ìsun sílẹ̀.

Kí a tó dé Oodnadatta, òkúta mímú kan gé táyà wa. Ọmọ mi yọ jáàkì, ilẹ̀ sì rọ̀ débi pé jáàkì ń rì dípò kí ó gbé ọkọ̀. A wá pákó kiri fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan, kò sì sí igi ní gbogbo ibi tí a dé ojú sí. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi, mo rẹ gààrí, bí mo sì ti ń da omi lé e ni mo rí i pé ọwọ́ mi ń wọn ọ́n, èmi tí mo máa ń da omi gààrí nù ní Ìkijà láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Omi wa kù kẹ́ẹ̀gì méjì àti àbọ̀, a sì ní ọkọ̀. Stuart ní omi inú awọ, àwọn ẹṣin rẹ̀ sì máa ń lọ ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmu. Tọkọtaya arúgbó kan ni wọ́n dúró fún wa, wọ́n fi pákó tiwọn sábẹ́ jáàkì, wọn kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju ẹ̀pà lọ. Lójú ọ̀nà yẹn, kò sí ọkọ̀ tí í kọjá ẹni tí ó dúró.

Láti Marla ni a ti padà sórí títì ọlọ́dà. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ìrìn yìí fún ni ó ń bi mí bóyá mo dé Uluru, àpáta pupa ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. N kò dé ibẹ̀, nítorí pé Stuart kò dé ibẹ̀. Ohun tí ó rí ní oṣù kẹrin ọdún 1860 ni odò ńlá kan tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ju omi lọ, tí àwọn Arrernte, onílẹ̀ ibẹ̀, ń pè ní Larapinta. Ó sọ ọ́ ní Finke, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ná owó sí ìrìn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó rí ọwọ̀n òkúta kan tí ó dá dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ ní Chambers Pillar, orúkọ ọ̀rẹ́ mìíràn tí ó náwó. Itirkawara ni àwọn onílẹ̀ ń pè é: baba ńlá kan, alágbára, tí ó fẹ́ obìnrin tí àṣà kò fún un láàyè láti fẹ́, tí wọ́n lé òun àti obìnrin náà jáde, tí àwọn méjèèjì sì di òkúta. Nínú orúkọ kìíní, owó ni a rí. Nínú èkejì, òfin ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń kọjá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i kí ó fi kọ́ ọ. Bí ó ti ń lọ ni ó ń sọ ilẹ̀ lórúkọ, orúkọ àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí.

Èmi tí mo ń sọ èyí, ọmọ Ìkijà ni mí. Ìkijà tí a ń gbé lónìí kì í ṣe Ìkijà àkọ́kọ́. Ogun ni ó fọ́ ìyẹn, àwọn baba wa sì gbé orúkọ ìlú wọn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n, Aké, Ìjẹùn, Ìgbẹ̀ìn, gbogbo wọn, títí wọ́n fi dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí a kì í sábà fẹ́ sọ nígbà ayẹyẹ: ibi tí a dé náà ti ní orúkọ. Oko Àdágbà ni wọ́n ń pè é, oko ará Ìtòkò kan. Mo rò ó dáadáa nínú ọkọ̀ ní ọ̀nà Alice Springs, mo sì rò pé ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò pa orúkọ Àdágbà rẹ́, Ìtòkò sì ń bẹ láàárín wa títí di òní pẹ̀lú ìjòyè rẹ̀.

Ní Alice Springs, tí àwọn Arrernte ń pè ní Mparntwe, a wo ilé tẹlígíráàfù àtijọ́. Alice ni orúkọ ìyàwó Todd. Ohun tí wọ́n sì pè ní ìsun kì í ṣe ìsun rárá, ọ̀gbun omi nínú odò gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ni mo fẹ́ ròyìn. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọjà pẹ̀lú àwòrán tí ó kùn, ó tẹ́ wọn bí àwọn ìyá wa ti ń tẹ́ ọjà ní Ìtòkú. Àmì tótòtó ni ó fi kùn gbogbo wọn, òbìrìkìtì nínú òbìrìkìtì. Ó bi mí níbo ni ilẹ̀ mi. Ó yé mi pé kì í ṣe orílẹ̀-èdè ni ó ń béèrè, ilẹ̀ tí ó bí mi ni. Mo ní abẹ́ àpáta ni, àpáta ńlá tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí nígbà ogun. Ó mi orí, kò bi mí ní nǹkan mìíràn, bí ẹni pé ìdáhùn náà kún tó. Mo wá yọ àdìrẹ kan jáde, oníko ni, òbìrìkìtì funfun kéékèèké lórí aró. Ó gbà á, ó fi ìka tẹ̀ lé òbìrìkìtì kan láti ìta dé àárín, ó wò mí lójú, ó ní, "Omi?" Mo ní tiwa, òṣùpá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan náà tọ́ka sí àwòrán tirẹ̀, ó ní, "Tiwa, omi." Mo ra àwòrán kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi àdìrẹ náà ta á lọ́rẹ. Àwòrán náà wà lórí ògiri pálọ̀ mi bí mo ti ń kọ èyí.

Àríwá Alice Springs ni òkè kan wà tí a rí láti ojú títì, Central Mount Stuart. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1860 ni Stuart ṣe ìṣirò tí ó rí i pé òun ti dé àárín gbùngbùn Ọsirélíà. Ọjọ́ kejì ó gun òkè náà, ó sì ri àsíá ọba ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ó yọ̀ǹda fún un. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo sì ka oṣù padà sẹ́yìn lórí ìka mi. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1859, kò tíì pé oṣù mẹ́rin ṣáájú, àwọn ọkùnrin méjì kan jókòó ní Abẹ́òkúta níwájú Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè rẹ̀: Martin Delany láti Amẹ́ríkà àti Robert Campbell tí wọ́n bí ní Jàmáíkà. Arìnrìn-àjò tí ń wá ilẹ̀ ni àwọn náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń wá ibi tí àwọn ènìyàn wọn lè padà sí. Wọ́n béèrè, àwọn àgbà Ẹ̀gbá gbọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé. Àdéhùn náà kò pẹ́ tí ó fi di àríyànjiyàn, ilẹ̀ náà kò sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, wọ́n ní láti béèrè. Ní Ọsirélíà, òfin àwọn òyìnbó ka ilẹ̀ náà sí èyí tí kò ní olúwa, ó sì di oṣù kẹfà ọdún 1992 kí ilé ẹjọ́ gíga wọn tó gbà nínú ẹjọ́ tí Mabo, ọmọ onílẹ̀ kan, pè pé irọ́ ni.

Kò jìnnà sí òkè yẹn ni Coniston wà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn darandaran ti pa àwọn onílẹ̀ ní 1928 nítorí òyìnbó kan tí wọ́n pa. Iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ jẹ́ 31. Àwọn ìdílé tí ó ṣẹlẹ̀ sí sọ pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọdún 68 ni ó wà láàárín àsíá yẹn àti ìbọn yẹn. N kò ní sọ pé Stuart ni ó yìn ín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ó kọ sínú máàpù ni màlúù gbà dé, màlúù ni ó sì mu omi àwọn onílẹ̀ gbẹ.

Nígbà tí a dé Karlu Karlu, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Àwọn òkúta ràbàtà tí wọ́n rí róbótó bí ẹyin, tí ọ̀kan gun orí èkejì, tí àwọn mìíràn dá dúró lórí ìdí tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Akọ òkúta ni, irú èyí tí a ní nílé gan-an. Mo fi ọwọ́ kàn án: ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ti Olúmọ, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, nítorí pé oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru pẹ̀lú omi tí ń wọ inú ìsán rẹ̀ ni ó ń gé igun rẹ̀ kúrò títí yóò fi yí róbótó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wa ṣe yí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń ki ọwọ́ bọ àwọn ihò tí àwọn ìyá fi lọ nǹkan jíjẹ sí ara àpáta Olúmọ nígbà tí ogun há wọn mọ́bẹ̀, ìsàlẹ̀ ihò náà sì máa ń dán bí awo. Mo rí ara mi tí mo ń wá irú ihò bẹ́ẹ̀ kiri.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn òkúta wọ̀nyí kúrò, wọ́n gbé e lọ sí Alice Springs, ó tó 400 kìlómítà, wọ́n sì fi ṣe àmì sórí sàréè John Flynn, oníwàásù tí ó dá iṣẹ́ dókítà tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú kiri sílẹ̀. Ènìyàn rere ni Flynn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni iṣẹ́ rẹ̀ sì gbà là; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni òkúta. Àwọn onílẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1999 wọ́n dá òkúta náà padà, àwọn Arrernte sì fún wọn ní òkúta mìíràn láti ilẹ̀ tiwọn láti fi rọ́pò rẹ̀ lórí sàréè náà. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀là kan lára Olúmọ lọ sí Èkó lónìí láti fi ṣe sàréè ẹni ńlá, mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Ìkijà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ mi fẹ́ mú òkúta wẹ́wẹ́ kan fún ìrántí. Mo ní kí ó dá a padà sí ojú ibi tí ó ti mú un gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Tennant Creek ni odò kékeré kan tí Stuart sọ ní Attack Creek, odò ìkọlù. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1860 ni àwọn Warumungu, onílẹ̀ ibẹ̀, dá a dúró níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n, òun, Kekwick àti Head. Àwọn Warumungu sọ igi àti òkò, wọ́n ti iná bọ koríko, àwọn tirẹ̀ náà sì yìnbọn. Ó yí padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àgbàlagbà kan wá sí ibùdó òun, ó sì fi ọwọ́ ṣe àmì tí òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Mason, òun sì dá a lóhùn. Àwọn tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń fò ó kọjá, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá kò lè fò ó. A mọ̀ pé àgbà a máa ki àgbà pẹ̀lú ọwọ́, pé ọwọ́ tí a nà ń béèrè ta ni ọ́ àti kí ni o bá wá. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé Warumungu náà ń béèrè ní ọ̀nà tiwọn, pé ìbéèrè ni ó ṣáájú ìkọlù, àti pé àlejò ní ojú lóòótọ́, kò fi ríran. Odò ìkọlù ni orúkọ tí ẹni tí wọ́n dá padà fún un. Bí àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú wọn ni wọ́n bá mú gègé dání, orúkọ mìíràn ni yóò jẹ́.

Ó tún gbìyànjú ní 1861, igbó ẹlẹ́gùn-ún dá a dúró. Ní 1862 ó dé ọ̀hún. Ìyókù ọ̀nà wa, láti Daly Waters sí Katherine sí Darwin, igi bẹ̀rẹ̀ sí í ga, afẹ́fẹ́ rọ̀, ara mi sì rò pé mo ti ń sún mọ́ ilé. Kì í ṣe Darwin gan-an ni Stuart ti bọ́ sí òkun, ìhà ìlà oòrùn rẹ̀ ni, ní ọjọ́ 24 oṣù keje. Ó ti ṣèlérí fún gómìnà, nítorí náà ó wọ inú omi, ó fọ ẹsẹ̀, ó fọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá ọjọ́ yẹn wá ni ó ń dùn mí jù. Àìjẹ èso àti ewébẹ̀ tútù ti wọ ara rẹ̀, erìgì rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lọ́wọ́ oòrùn tí ó fi ń wọn ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n so ibùsùn mọ́ àárín ẹṣin méjì, wọ́n sì gbé e lórí rẹ̀ bí òkú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àwọn igbó tí ó ń kọjá nínú ìrora yẹn kún fún èso àti ewé tí àwọn onílẹ̀ ń jẹ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1863, Adelaide jáde kí i pẹ̀lú ìlù àti àsíá. Ọjọ́ yẹn náà ni Melbourne ń sin òkú Burke àti Wills. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kú sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹni 50 ọdún, àwọn díẹ̀ péré ni wọ́n sì tẹ̀ lé òkú rẹ̀.

Ní Darwin, mo fẹ́ fọ ẹsẹ̀ mi nínú òkun bí tirẹ̀. Pátákó kan wà ní etí omi tí wọ́n ya ọ̀nì sí. Ọmọ mi fi ike bu omi wá fún mi, mo bọ́ bàtà, mo sì fọ ẹsẹ̀ mi lórí yanrìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì kí àwọn Larrakia tí wọ́n ni ilẹ̀ ibẹ̀, ní Yorùbá.

Nígbà tí mo padà dé, àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́rin ni wọ́n ń wá sí ìloro mi ní ọjọ́ Sátidé fún ẹ̀kọ́ àfikún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni a kan Odò Ọya. Mo kọ ìbéèrè náà sórí pátákó bí mo ti máa ń kọ ọ́, mo wò ó, mo sì pa á rẹ́, mo wá kọ pé: ta ni ó fi Odò Ọya han Mungo Park? Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọn kò rí i níbẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé orí sókè, ó ní, "Mà, ṣé kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń pọn omi níbẹ̀ ni?"

Mo sààmì sí i pé ó gbà á.